Ẹ̀yin Àgbà, Ẹ Má Yọ Íyápíìsì Létí Ọmọ Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí bàbá ẹ̀ àbí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó wá ki íyápíìsì bọ etí, tó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan tí ò dá ẹnì kankan lóhùn, ẹ fi í lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ àfojúdi. Mo mọ̀ pé àlejò ń rọ́ wọlé, pé ẹ fẹ́ kó dìde kó dọ̀bálẹ̀ kó máa ṣe àmín sí "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un" tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dún létí ẹ̀ yẹn lè jẹ́ òun nìkan ló ń gbé e dúró lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ torí pé bọ̀dá kan tó wá láti Ìsẹ́yìn ò tíì rí ẹni kí i dáadáa.

Inú ilé wa lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kú, kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, àìsàn ọ̀hún ò sì fún wa láyè. Musulumi ni wá, n'Ìbàdàn, ó kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ a ti sin ín. Àkọ́bí ẹ̀ wà ní SS2 nígbà yẹn, ọmọkùnrin kan báyìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga jù mí lọ, tí ohùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki. Láti ibi sàréè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lé e lórí. "Ìwọ lọkùnrin ilé báyìí o." "Má sunkún o, tíwọ bá ń sunkún kí ni kí màmá ẹ wá ṣe?" "Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn." Ìran Oníkòyí ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu erùpẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lórí níṣojú ẹ̀, ọfà wo ló tún kù tí kò tíì gbà níwájú? Ó ń mi orí sí gbogbo wọn, ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà, ìgbà tí èrò wá ń pọ̀ sí i lábẹ́ kánópì ló yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó sórí ike omi kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ki íyápíìsì bọ etí, ó dijú.

Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa rí i. "Ṣé ọmọ yìí ò mọ̀ pé bàbá òun ló kú ni? Orin ló ń gbọ́!" Wọ́n ti nawọ́ sí fóònù ẹ̀ tán. Alhaja, ìyá mi, tó jẹ́ pé ọmọ tiwọn la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn, tí àṣà wa ò sì gbà kí wọ́n débi sàréè ọmọ, inú yàrá ni wọ́n jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti dáhùn: "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹni tí ò fẹ́ gbọ́ tiyín, ẹ jẹ́ kó gbọ́ tiẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí. Ta ló fẹ́ bá Alhaja jiyàn lọ́jọ́ yẹn?

Nǹkan tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa Yorùbá gan-an, a kì í fi ikú sílẹ̀ láìkọrin sí i. Tí arúgbó bá kú, kò sí ohun tá ò ní ṣe, aṣọ ẹbí, onífújì, onídùndún, owó á máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí òkú ọ̀fọ̀ bá wá ṣẹlẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Kò sí onílù, kò sí nǹkan kan, àdúrà la máa ṣe, a ó jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, kálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ òkú ọ̀fọ̀ yẹn gan-an ló máa ń fi ọmọ kéékèèké sílẹ̀ lẹ́yìn, torí ẹni tó bá kú ní 85, àwọn ọmọ ẹ̀ ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà, tí wọ́n bá ń jó, ijó yẹn ò lè bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ẹ wá wò ó, àwọn tó nílò orin jù ni kì í rí orin gbọ́ nílé òkú, àfi èyí tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn wá lórí fóònù.

Lójú tèmi o, àwọn ọdẹ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Tí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ ẹ̀ á ṣe ìṣípà, ètò ìdágbére tiwọn, fún un, wọ́n á máa sun ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, wọ́n á ki olóògbé, wọ́n á ròyìn ẹran tó pa, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ (ọdẹ ò lè ṣe kí wọ́n má tọ́ra wọn), wọ́n á bi í léèrè ibi tó gbà lọ. Àwọn ọkùnrin tó ń sùn nínú igbó nìyẹn o! Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe bí ọkùnrin. Wọ́n mọ̀ pé téèyàn ò bá kọ ọ́ jáde, inú ẹni ló máa gbé, á sì máa jẹun níbẹ̀.

Alhaja náà ní tiwọn. Láràárọ̀ tọ́mọ yìí bá ti wá kí wọn, oríkì ni wọ́n ń kì í, oríkì orílẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ń fi ki ọmọ, bàbá ẹ̀ lẹ̀ ń kì, bàbá bàbá ẹ̀ lẹ̀ ń kì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà láyé, tí Alhaja bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ọmọ á ti máa wá ọ̀nà sá lọ, torí ti Alhaja kì í tán bọ̀rọ̀, súkúùlù á sì ti fẹ́ẹ́ lu aago. Lẹ́yìn tí bàbá ẹ̀ kú, mo ṣàkíyèsí pé kì í dìde mọ́. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló máa wà títí Alhaja á fi kì í tán, nígbà míì tí wọ́n bá sì dákẹ́ díẹ̀ láti mí, á ní "Ìyá, ẹ̀yin ò tíì parí ẹ̀ o." Ẹnikẹ́ni ò sì pe ìyẹn ní orin, bẹ́ẹ̀ orin ni.

Tẹ́ ẹ bá tún rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni orin ọ̀fọ̀, tí ọmọdé ò gbọdọ̀ dá sí i, ẹ rántí Sàláwà Àbẹ̀ní. May 5, 1961 ni wọ́n bí i. February 13, 1976 ni wọ́n pa Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè, nínú mọ́tò ẹ̀ ní Ìkòyí l'Ékòó, gbogbo ìlú gbóná. Ọdún yẹn náà ni Sàláwà gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wákà ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ Leader Records, orúkọ ọ̀gágun tó kú yẹn ló sì fi sọ ọ́. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, kò tíì lè ju ọmọ ọdún 15 lọ! Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí obìnrin ṣe ní Nàìjíríà tó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Gbogbo àgbààgbà ìlú tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹnu ọmọbìnrin tó yẹ kó wà ní kíláàsì ni wọ́n lọ gba ẹkún wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "ìwọ ọmọdé yìí, kí lo mọ̀ nípa ikú?"

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Bàbá ẹ̀ ní Corolla àtijọ́ kan, fláàṣì kan sì wà nínú ẹ̀ tí kò yọ rí, fújì wà níbẹ̀, jùjú wà níbẹ̀, orin kọ́ńtírì àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ wà níbẹ̀. Gbogbo wa tá a ti wọ mọ́tò yẹn rí la mọ bí orin yẹn ṣe tò. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń há láàárín, tó bá ti há báyìí ẹ̀gbọ́n mi á fàtẹ́lẹ́wọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, gbàà, orin á sì máa lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbígbá yẹn ò kan orin rárá, ó kàn máa ń há níbẹ̀ náà ni tó sì máa ń tú ara ẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán tílé ti pa rọ́rọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin láti ibi tí mọ́tò wà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yìí ló wà níbẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò síná mọ́tò, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, àyè tiẹ̀ látẹ̀yìnwá, àyè bàbá ẹ̀ ṣófo. Mo lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo wọ ẹ̀yìn mọ́tò jókòó, mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi tórin yẹn máa ń há, ó nawọ́ ó gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, gbàà. Kò wojú mi, èmi náà ò wojú ẹ̀. Orin ń lọ.

Bátìrì wá kú, dandan ni. Ríwáyà wá ṣáàjì ẹ̀, ó tún kú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ má dá a lẹ́bi, opó tó ń ronú owó súkúùlù ọmọ mẹ́ta kò lè máa fowó ṣáàjì bátìrì tórí orin. Mo ní mo gbọ́n, mo kó gbogbo orin inú fláàṣì yẹn sórí fóònù ẹ̀, mo ra sìpíkà Bluetooth kékeré kan fún un. Ó dúpẹ́. Kò lò ó. Ó ní "Àǹtí, inú mọ́tò ló ti ń dún bó ṣe yẹ." Alhaja ló bá wa parí ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa síná mọ́tò díẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n láwọn á máa ra epo ẹ̀. Mọ́tò tí ò rìn láti ilé dé gééètì ń jẹ epo! Ṣùgbọ́n owó tá a ná sórí epo yẹn, mi ò mọ nǹkan míì tá a lè fi rà fún ọmọ náà tí ì bá ṣe é lóore jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Netherlands, Margaret Stroebe àti Henk Schut, kọ ọ́ ní 1999 pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í jókòó sójú kan. Á yíjú sí ẹni tó kú, á sunkún, á tún yíjú sí ayé, á ṣiṣẹ́, á rẹ́rìn-ín, á tún padà. Lílọ bíbọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ara gbà á. Èmi wá rí i pé tàwọn ọ̀dọ́ yá ju tàgbà lọ. Aago méjì ó ń sunkún nínú mọ́tò, aago márùn-ún ó ti wà ní pápá ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ó wá máa sọ pé ó ti gbàgbé, ọmọ ayé òde òní, wọn ò lójú àánú. Kò gbàgbé nǹkan kan o jàre. Orin bá irú ọ̀fọ̀ yẹn mu torí pé kì í pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ó wọlé, ó sunkún, orin tán, ó jáde. Tó bá fẹ́ padà wọlé, á tún un tẹ̀. Àwa àlejò tó ń kí i, kò sí bọ́tìnnì tó lè fi pa wá. Ara náà tún wà ńbẹ̀: tí ìlù bá rọra ń lọ, èémí èèyàn á máa rọlẹ̀ tẹ̀ lé e, àyà tó ń já á rọ̀, ìyẹn ò nílò kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é kó tó lè sọ ọ́. Èwo nínú wa ló mọ ohun tó ń ṣe é lọ́mọ ọdún 15?

Ìyáàfin kan wà ní Yunifásítì Melbourne l'Ọsirélíà, Katrina McFerran, tó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ tí èèyàn wọn kú ṣiṣẹ́ tipẹ́. Wọ́n á kó wọn jọ, wọ́n á gbé ìlù àti oríṣiríṣi ohun èlò orin kalẹ̀, kálukú á lù ú bó ṣe wù ú, wọ́n á gbọ́ orin tí kálukú fẹ́ràn, wọ́n á jọ kọ tiwọn. Ní 2010, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ jáde, àwọn ọmọ yẹn ní ara àwọn fúyẹ́ nígbà táwọn rí ibi tú ohun tó wà nínú àwọn sí, inú eré àti ìgbádùn ni wọ́n sì ti tú u. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o, eré. Àwa níbí tá a bá rí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ tó ń ṣeré, a ó ní ojú ń tì wá.

Ẹkún ọmọ tiwa ò já bọ́ níṣojú ẹnikẹ́ni títí di September ọdún yẹn, 2023. Ọjọ́ kejìlá ni MohBad kú, ọmọ ọdún 27, ọjọ́ kejì wọ́n ti sin ín n'Íkòròdú, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n tún hú u jáde torí ìwádìí. Gbogbo wa la rántí bó ṣe rí, kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ò gbé orin ẹ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́ tú síta, wọ́n ń tan àbẹ́là kiri. Ọmọ yìí jókòó sí pálọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe omijé díẹ̀ o, ó ké. Bọ̀dá kan tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn ní "Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ni?" Ìyá ẹ̀ fojú sọ̀rọ̀ sí i kó dákẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò á mọ̀ pé MohBad nìkan kọ́ lọmọ náà ń sunkún fún. Mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó jáde síta nígbà yẹn. Ìlú fún wọn láyè láti sunkún, kálukú wá gbé òkú tiẹ̀ náà jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíìtì lórí fóònù, áàpù BandLab ló ń lò. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe ò dùn, kí n sọ òótọ́, dùrùgbẹ̀-dùrùgbẹ̀ kan báyìí tí ìlù ẹ̀ ń sáré ju ara ẹ̀ lọ. Ó tún ń ṣe rápù tó kún fún ìbínú, ó bínú sí ọsibítù tá a gbé bàbá ẹ̀ lọ, ó bínú sáwọn ẹbí, ó bínú sí bàbá ẹ̀ alára pé kò tètè sọ pé ara òun ò yá. Ìyá ẹ̀ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò bá a sọ nǹkan kan. Ìbínú wà nínú ọ̀fọ̀, tí ò bá bínú sínú rápù, ibòmíì ló máa gbé e lọ, ara àbúrò ẹ̀ àbí tíṣà ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan tó pè mí. Ó ti rí voice note àtijọ́ kan tí bàbá ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kò sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń bínú ni: "Pọ́ǹpù yẹn, ṣé o ti pa á? Mo ní ṣé o ti pa á? Omi ń dà nù o!" Ó gé "ṣé o ti pa á" jáde, ó fi lé orí bíìtì, ó ń tún un sọ, ṣé o ti pa á, ṣé o ti pa á, ìlù ń gbá a lẹ́yìn, àárín ẹ̀ ló wá dúró kí "omi ń dà nù o" tó já bọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mi ò fi ríran mọ́. A mú u lọ bá ìyá ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, òun náà jókòó ó gbọ́ ọ parí, ó dákẹ́, ó wá ní "Níjọ́ yẹn náà, o ò pa á." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tó ń kìlọ̀ fẹ́nì kan pé kó má sunkún, wọ́n ń sọ bó ṣe máa ń pariwo, bó ṣe máa ń jẹ iyán, títí iná fi lọ tá a ṣì wà nínú òkùnkùn.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ ló máa rí bẹ́ẹ̀. Ìbátan wa kan wà ní London, Peckham, ìyá ẹ̀ kú ní 2020 nígbà kòrónà. Ẹ rántí bó ṣe rí níbẹ̀, èèyàn díẹ̀ ló lè wà níbi ìsìnkú, kò sí pé ìjọ ń gbóhùn sókè kọrin, àwa tó kù lórí Zoom là ń wò ó. Ọmọbìnrin yìí ló máa ń kọrin jù nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, láti ọjọ́ yẹn kò fẹ́ gbọ́ orin mọ́, tí rédíò bá ń dún nínú mọ́tò á ní kí wọ́n pa á. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wá fi dandan lé e pé kó kọ orin àkànṣe níbi ìrántí màmá ẹ̀. Ó kọ ọ́ o. Kò padà sínú ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Orin tí wọ́n fipá mú ọmọ kọ níwájú èrò, iṣẹ́ ni, kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Ohun tó dá a padà sídìí orin lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe ijó Afrobeats lẹ́yìn súkúùlù, ijó nìkan, kò sí ọ̀rọ̀ òkú níbẹ̀ rárá.

Orin náà sì lè ṣini lọ́nà. McFerran yẹn kan náà, pẹ̀lú Suvi Saarikallio àti Christian Gold, gbé ìbéèrè 13 kan jáde ní 2015 láti fi mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń gbà lo orin ń ṣe é lóore àbí ó ń pa á lára. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn ò béèrè bóyá orin ọ̀hún jẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì àbí orin àwọn ọmọ ìta. Bó ṣe ń ṣe ọmọ ni wọ́n ń béèrè, ṣé ó ń sá sínú ẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó yé, àbí ó ń jẹ́ kí ara ẹ̀ balẹ̀. Mo ya èyí lò. Mo bi ọmọ wa lọ́jọ́ kan, "Tó o bá gbọ́ eléyìí tán, ṣé ara ẹ ń fúyẹ́ ni àbí ó ń wúwo sí i?" Ó rò ó. Ó ní èyí tó máa ń gbọ́ lọ́sàn-án dáa, àmọ́ àwọn kan wà tó máa ń gbọ́ lóru lẹ́yìn aago kan, àwọn yẹn ń fà á wálẹ̀ ni, kì í lè sùn mọ́. Mi ò ní kó pa wọ́n rẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló pín wọn, ó ní òun á máa gbọ́ àwọn yẹn tí ilẹ̀ bá ṣì mọ́, tó bá sì gbọ́ wọn tán á gbé fújì bàbá ẹ̀ lé e.

Àmọ́ tó bá dà bíi pé ọmọ ò jẹun mọ́, kò wẹ̀, kò fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá ẹni tó kú, tàbí tó ti ń fa igbó, tó ń mu kódìn kó lè sùn, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. UCH n'Ìbàdàn níbí ní àwọn tó ń rí sí ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Arò wà l'Ábẹ́òkúta, Yábàá wà l'Ékòó. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá dárúkọ Arò báyìí àwọn ará ilé á ní ṣé ọmọ ti ń ya wèrè ni. Ẹ dá wọn dá ẹnu wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, a kì í ní kó máa dákẹ́ títí á fi jinná fúnra ẹ̀.

Ti súkúùlù, mi ò ní sọ púpọ̀. Tíṣà kan gba fóònù ẹ̀ torí wọn ò gbà kí wọ́n mú un wá, òfin lòfin, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi í pamọ́ di ìparí táàmù lẹ́yìn tá a ti ṣàlàyé pé ohùn bàbá ẹ̀ wà nínú ẹ̀? Tíṣà míì tún wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá, òun ló lọ gbà á jáde tó fi sínú báàgì tiẹ̀, tó bá ti di àsìkò ìsinmi á pe ọmọ wá sí yàrá àwọn tíṣà, á gbé e fún un, á máa máàkì ìwé ẹ̀ lọ. Kò bi í léèrè nǹkan kan rí, ọmọ náà ló sọ fún mi.

Ó ti ṣe WAEC tán báyìí, admission ló ń retí. Ìrántí bàbá ẹ̀ ló kàn, lọ́tẹ̀ yìí a ní ká fi díẹ̀ kún ti àdúrà, ká gbé sìpíkà síta lẹ́yìn tí àwọn alfa bá ti lọ. Òun la ní kó yan orin. Ó ti kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp: gbogbo inú fláàṣì yẹn pátá, pẹ̀lú èyí tó máa ń há, kọ́ńtírì méjì, MohBad kan, "ṣé o ti pa á" tó ti tún ṣe tó ti dùn wàyí, àti amapiano tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Alhaja láwọn fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀, pọ́ǹpù àti MohBad pẹ̀lú, ṣùgbọ́n amapiano ò gbọdọ̀ dún nínú ọgbà àwọn nígbà táwọn ṣì ń mí. Ọmọ ní kí wọ́n fún òun ní ẹyọ mẹ́ta péré. Wọ́n ti dé orí ẹyọ kan báyìí, wọ́n ṣì ń dúnàá-dúrà.